Aró Tí Í Sọ Orúkọ Kókó

Àsọyé fún àwọn ará Pedro, Bàrígà àti Ṣómólú



Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ láti sọ fún yín jẹ mọ́ àwọn kókó kéékèèké tí í hù sí ojú, sí orí, sí abíyá tàbí sí àtẹ́lẹsẹ̀ ènìyàn, èyí tí ó jẹ́ pé láti inú orísun òógùn ni wọ́n ti ṣẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà tí wọ́n jọ wọ́n ní òde, tí inú wọn sì yàtọ̀ pátápátá. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Aró ni ó ń yà wọ́n. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a mọ iṣẹ́ aró yìí, kí olúkúlùkù wa lè mọ ohun tí ó tọ́ láti ṣe ní ọjọ́ tí a bá gé kókó kan kúrò lára rẹ̀ tàbí lára ọmọ rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́rin ni n ó pín ọ̀rọ̀ mi sí. Èkíní, ohun tí orísun òógùn jẹ́ àti bí kókó ṣe ń jáde láti inú rẹ̀. Èkejì, bí a ṣe ń pa ẹran ara láró. Ẹ̀kẹta, ohun tí aró náà ń fi hàn. Ẹ̀kẹrin, iṣẹ́ tí ó kù sí ọwọ́ àwa fúnra wa.

I. ORÍSUN ÒÓGÙN ÀTI KÓKÓ RẸ̀

Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti Pedro dé Bàrígà nínú oòrùn ọ̀sán kò nílò olùkọ́ kankan láti mọ̀ pé ara ní omi tí ń tú jáde. Ohun tí ó pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ibi tí omi náà ti ń wá. Nínú awọ ara ènìyàn kan ṣoṣo, orísun òógùn tó 2,000,000 sí 4,000,000. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ọ̀pá tín-ín-rín. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká jọ bí okùn tí a ká sínú agbọ̀n. Òkè rẹ̀ sì nà tààrà, ó ń gbé omi wá sí ojú awọ. Oríṣi kejì wà ní abíyá àti ní abẹ́, èyí tí kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ọmọ yóò fi bàlágà. Ní ọdún 1833 ni Jan Purkinje, ọmọ ilẹ̀ Bohemia tí ń kọ́ni ní ìlú Breslau, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá rí àwọn orísun wọ̀nyí, tí ó sì ròyìn wọn fún aráyé.

Bí a ti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé, bẹ́ẹ̀ ni a fi àwọn ohun kéékèèké tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì kọ́ ara. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan bá gbó, òmíràn a rọ́pò rẹ̀, ní iye tí ó yẹ àti ní àkókò tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, àwọn sẹ́ẹ̀lì orísun òógùn a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ kọjá iye tí ara béèrè. Nígbà náà ni kókó yóò hù. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bá dúró nínú ààlà tiwọn, tí wọn kò já odi ọmọnìkejì wọn, kókó tí kò léwu ni. Bí wọ́n bá já odi, tí wọ́n wọ inú iṣan, tí wọ́n sì bá ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara lọ sí ibòmíràn, jẹjẹrẹ ni.

Àwọn kókó tí kò léwu wọ̀nyí ní orúkọ. Sìríńgómà ni èyí tí ó máa ń yọ wẹ́wẹ́ sí abẹ́ ojú, lára ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀; àwọn obìnrin ni ó sì máa ń bá jù, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n bá di ọ̀dọ́. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ọ̀pá oníhò ni orúkọ náà ti wá. Pòrómà fẹ́ràn àtẹ́lẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́. Ó máa ń pupa, ó sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀ bí a bá fi nǹkan gbá a. Hermann Pinkus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ ní 1956. Sìlíńdírómà máa ń hù sí awọ orí, ó sì lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò bo orí bí láwàní. Sípírádénómà jẹ́ èyí tí ó máa ń dun ènìyàn bí a bá fọwọ́ kàn án. Hìdírádénómà sì lè hù sí ibikíbi lára.

II. BÍ A ṢE Ń PA ẸRAN ARA LÁRÓ

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé sàkání yìí mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, nítorí Ṣómólú ni gbogbo Èkó ń wá bí wọ́n bá fẹ́ tẹ ìwé. Ẹ mọ̀ pé bí a bá tẹ lẹ́tà mọ́ bébà láìfi tàdáwà sí i, àmì lẹ́tà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò lè kà á. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹran ara rí lábẹ́ awò. Bí a bá gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a mọ́ gaara bí omi, ojú a sì wò ó kọjá. Ohun gbogbo tí a ń wá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tàdáwà. Aró ni tàdáwà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ti rí ní ẹsẹẹsẹ. Bí a bá ti gé kókó kúrò, a ó jù ú sínú omi tí a ń pè ní fọ́málínì. Omi yìí ń dá ìdíbàjẹ́ dúró, ó sì ń mú kí ẹran le. Ferdinand Blum, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó ṣe àkíyèsí agbára yìí ní 1893: ó ń dán omi náà wò bóyá ó lè pa kòkòrò àrùn, ó sì rí i pé awọ ìka ọwọ́ òun ti le. Lẹ́yìn èyí, a ó mú ẹran náà kọjá nínú sípíríìtì tí agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, kí omi inú rẹ̀ lè jáde tán. Omi kẹ́míkà mìíràn yóò lé sípíríìtì náà jáde, a ó sì rì í sínú ìda gbígbóná irú èyí tí a fi ń ṣe àbẹ́là. Nígbà tí ìda bá tutù, ẹran àti ìda di ohun kan. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ yóò wá gé e ní fẹ́lẹ́, tí ó fi jẹ́ pé ìnípọn rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú 200 mìlímítà kan lọ. A ó tẹ́ fẹ́lẹ́ náà sórí gíláàsì, a ó yọ́ ìda kúrò, ìgbà náà ni aró yóò dé.

Aró méjì ni a kọ́kọ́ ń lò. Èkíní ń jẹ́ hìmátọ́sílínì. Inú igi kan tí inú rẹ̀ pupa ni ó ti ń wá, igi Campeche ti ilẹ̀ Mẹ́síkò, èyí tí àwọn òyìnbó ti fi ń pa aṣọ láró láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n aró yìí nìkan kò lè di ẹran mú. Ní 1865 ni Böhmer, ará Jámánì, fi álọ́ọ̀mù kún un, tí iṣẹ́ náà sì yọrí. Irú álọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá wa máa ń rà lọ́jà láti fi mú kí omi tòrò ni. Lẹ́yìn náà, bí a bá fi omi tí ó ní ìwọ̀nba agbára eérú fọ ẹran náà, àwọ̀ rẹ̀ a yí láti pupa di búlúù. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo. Wọ́n mọ̀ pé èlú nìkan kò tó, àfi bí omi eérú bá bá a lọ nínú ìkòkò aró. Ọ̀nà tí iṣẹ́ méjèèjì ń gbà yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ń kọ́ wa: aró kò lè ṣiṣẹ́ láìní olùrànlọ́wọ́.

Aró kejì ni ìósínì, tí ó ní àwọ̀ òdòdó pupa. Ènìyàn ni ó ṣe é, kì í ṣe igi. Ọ̀nà àtiṣe irú aró bẹ́ẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní 1856, nígbà tí William Perkin, ọmọ ọdún 18 ní ìlú London, ń wá bí òun yóò ti ṣe kínínì, oògùn ibà tí gbogbo wa mọ̀. Kò rí kínínì. Aró elésè-àlùkò ni ó rí. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ti ń ṣe aró lóríṣiríṣi, Heinrich Caro sì ṣe ìósínì ní Jámánì ní 1874. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 1876, Wissozky lo aró méjèèjì pọ̀ lórí ẹran kan. Láti ọjọ́ náà títí di òní, ìyẹn ni aró tí ilé ìwòsàn gbogbo lágbàáyé kọ́kọ́ ń lò.

Iṣẹ́ yìí kì í sì ṣe àjèjì ní sàkání wa. Ní 1925 ni ìgbìmọ̀ Rockefeller dé sí Yábàá, tí kò jìnnà sí ibi tí a wà yìí, láti wádìí ibà pọ́njú. Fífi aró wo ẹ̀dọ̀ àwọn tí ó kú jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ bóyá ibà náà ni ó pa wọ́n. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí náà, kó àrùn yìí, ó sì kú sí Èkó ní 1927. Ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìbàdàn ṣí ní 1957, ti Èkó ní Ìdí-Àràbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba aláìsàn ní 1962. Ní irú ibẹ̀ ni àwọn oníṣègùn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíka ẹran ara ti ń jókòó ti awò lójoojúmọ́.

III. OHUN TÍ ARÓ Ń FI HÀN

Nígbà tí aró méjèèjì bá ti mú ẹran, kóró inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan a di búlúù, ara rẹ̀ yòókù a sì pupa bí òdòdó. Oníṣègùn yóò wá béèrè ìbéèrè bí adájọ́. Ǹjẹ́ etí kókó yìí dán, tàbí ó ya wọ inú ẹran tí ó yí i ká? Ǹjẹ́ àwọn kóró náà dọ́gba, tàbí òmíràn tóbi ju èkejì lọ láìnídìí? Ǹjẹ́ mélòó ni ó ń pín sí méjì? Ǹjẹ́ wọ́n ti rọ̀ mọ́ iṣan? Nínú sìríńgómà, yóò rí àwọn ọ̀pá kéékèèké tí ìlà sẹ́ẹ̀lì méjì yí ká. Òmíràn nínú wọn ní ìrù, bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún. Gbogbo wọn a sì dúró ní òkè awọ, wọn kì í wa ilẹ̀ jìnnà.

Bí aró méjì yìí kò bá tó, a ń pe àwọn mìíràn. Ní 1946, McManus kéde aró kan tí ń mú ṣúgà inú ẹran, tí ó sì ń pupa rẹ́súrẹ́sú. Aró yìí wúlò púpọ̀ fún kókó orísun òógùn. Nínú sìlíńdírómà, àwọn sẹ́ẹ̀lì a kó ara wọn jọ ní agboolé agboolé, a sì mọ odi yí agboolé kọ̀ọ̀kan ká. Aró McManus ni ó ń kun odi náà tí ojú fi ń rí i kedere. Nínú irú hìdírádénómà kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì a funfun bí ilé tí a kó ẹrù inú rẹ̀ lọ. Aró yìí a fi hàn pé ilé náà kò ṣófo, ṣúgà ni a kó pamọ́ síbẹ̀. Kí a sì lè mọ̀ dájú, a ó mú fẹ́lẹ́ kejì, a ó kọ́kọ́ fi ohun tí ń tú irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ sí i. Itọ́ ẹnu pàápàá ní agbára náà, àwọn onímọ̀ àtijọ́ sì lò ó. Bí aró kò bá mú fẹ́lẹ́ kejì mọ́, ẹ̀rí ti pé. Ní 1950 sì ni Steedman mú aró búlúù kan wá tí ń mú omi yíyọ̀ inú ẹran. Òun ni a fi ń mọ irú kókó òógùn kan tí inú rẹ̀ jọ egungun rírọ̀ bí ti etí.

Ọ̀nà kan tún wà tí ó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ẹ mọ̀ pé bí àlejò búburú bá wọ inú ara, ara a máa dá ọmọ-ogun sílẹ̀ fún un, ọmọ-ogun kọ̀ọ̀kan a sì mọ ọ̀tá tirẹ̀ nìkan. Albert Coons ní Amẹ́ríkà ni ó ronú ní 1941 pé a lè so aró mọ́ irú ọmọ-ogun bẹ́ẹ̀, kí ó lọ bá ohun tí a ń wá, kí ó sì tan ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ní 1966, Nakane àti Pierce fi ohun tí ń sọ àmì náà di àwọ̀ pákó rọ́pò ìmọ́lẹ̀, kí awò lásán lè rí i. Ní 1975, Köhler àti Milstein ní Cambridge rí ọ̀nà tí a lè gbà ṣe irú ọmọ-ogun kan ṣoṣo ní ọ̀pọ̀lọpọ̀, láìdàpọ̀ mọ́ òmíràn. Báyìí ni a fi ń béèrè lọ́wọ́ kókó pé, “Ọmọ ta ni ọ́?” Bí àmì àwọ̀ pákó bá yí ihò ọ̀pá kéékèèké inú rẹ̀ ká bí òrùka, a mọ̀ pé ọ̀nà òógùn ni.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: kò sí aró kan tí ó lè dá sọ pé kókó yìí kò léwu. Aró ń jẹ́rìí. Oníṣègùn ni ó ń dájọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n kókó tí ó wà lára àtẹ́lẹwọ́ lè tan ni jẹ gan-an. Ní 1982 ni àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà ròyìn jẹjẹrẹ kan tí ó máa ń hù sí ojú, pàápàá sí ètè òkè. Bí a bá wo òkè rẹ̀ nìkan lábẹ́ awò, sìríńgómà ni a ó pè é. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń wa ilẹ̀, ó sì ń bá iṣan lọ. Bí ẹni tí ó gé e bá họ òkè rẹ̀ nìkan, aró yóò sọ òtítọ́ nípa ohun tí ó rí, ìdájọ́ yóò sì tún jẹ́ àṣìṣe, nítorí aró kò lè jẹ́rìí sí ohun tí a kò mú wá síwájú rẹ̀.

Bákan náà ni ti àtẹ́lẹsẹ̀. Pòrómà lè jọ egbò lásán. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, díẹ̀ nínú wọn a máa yí padà di jẹjẹrẹ. Ó sì tún lè jọ jẹjẹrẹ dúdú tí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná ni ó ti máa ń bá àwa aláwọ̀ dúdú jù. Gbogbo wa ni a mọ orúkọ Bob Marley, olórin ará Jàmáíkà. Tirẹ̀ kì í ṣe kókó òógùn, jẹjẹrẹ dúdú yìí gan-an ni. Ó rò pé ọgbẹ́ bọ́ọ̀lù ni ó wà ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ òun. Àyẹ̀wò 1977 ni ó sọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Ní 1981 ni ó kú, ní ẹni ọdún 36.

Àyẹ̀wò sì ń mú ìtùnú wá pẹ̀lú. Àwọn ìdílé kan wà tí sìlíńdírómà ń bá láti ìran dé ìran, tí a sì lè máa fi wọ́n sùn pé ègún ni. Ní 2000 ni àwọn olùwádìí rí ohun àjogúnbá náà tí ó bàjẹ́, wọ́n pè é ní CYLD. Bí òbí kan bá ní in, ó ṣeé ṣe kí ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀ jogún rẹ̀. Àjogúnbá ni, gẹ́gẹ́ bí gígùn tàbí kíkúrú ti jẹ́ àjogúnbá. Kò sí ẹni tí ó sà á sí wọn.

IV. IṢẸ́ TÍ Ó KÙ SÍ ỌWỌ́ WA

Mo ti sọ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn tó. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tiwa.

Èkíní, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ gé kókó ní ìta, tàbí kí ó fi omi gbígbóná tàbí ásíìdì jó o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tí ẹ ní kókó wẹ́wẹ́ lábẹ́ ojú, ẹ má fi ìpara abóra pa á. Kì í mú sìríńgómà lọ, awọ dáradára ni ó ń bàjẹ́. Bí oníṣègùn bá ti sọ pé sìríńgómà ni, ẹ lè fi í sílẹ̀ láìbẹ̀rù. Nítorí lára àwa tí a dúdú, gígé rẹ̀ lè fi àpá sílẹ̀ tí yóò burú ju kókó náà lọ.

Èkejì, bí kókó bá ń yára dàgbà, bí ó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, bí ó bá di egbò tí kò jinná, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, ẹ má ṣe dúró. Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Gbàgádà kò jìnnà sí Pedro. Kí á gbàdúrà, kí á sì lọ. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, ẹ má ṣe jẹ́ kí a da ohun tí a gé nù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò gé e kí ó tó gé e pé, “Ṣé a ó fi èyí ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò?” Bí ó bá jẹ́ pé owó ni ó ń dí yín lọ́wọ́, ẹ béèrè iye rẹ̀ ṣáájú, kí ẹbí lè dá a jọ. Owó gígé kókó láìsí owó àyẹ̀wò dà bí owó tí a san fún ẹjọ́ tí a kò gbọ́ ìdájọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí wọ́n bá fi ẹran náà lé yín lọ́wọ́ láti gbé lọ, ẹ rí i pé inú fọ́málínì ni ó wà, tí omi náà sì tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Kì í ṣe omi lásán, kì í sì ṣe ọrá gbígbẹ. Ẹran tí ó ti bàjẹ́ kò gba aró dáadáa, kò sì sí awò tí yóò lè kà á. Kí orúkọ, ọjọ́ àti ibi tí a ti gé e hàn gbangba lára ìgò náà.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ padà lọ gba èsì, ẹ sì tọ́jú ìwé náà bí ẹ ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Ìda tí a rì ẹran náà sí kì í bàjẹ́ kíákíá. A lè tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí kókó bá tún hù, a lè tún gé fẹ́lẹ́ tuntun nínú ti àtijọ́, kí a sì fi aró mìíràn bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó wà lọ́wọ́ yín ni yóò fi ọ̀nà rẹ̀ hàn.

Ẹ̀yin ará mi, ìbẹ̀rù a máa mú kí ènìyàn fi kókó pamọ́ sábẹ́ gèlè àti sínú bàtà, àìbìkítà a sì máa mú kí a jù ú sí ààtàn nígbà tí a bá gé e. Aláìsàn kan náà ni àwọn méjèèjì ń pa lára. Ẹni tí kókó rẹ̀ kò léwu ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó lè sùn. Ẹni tí tirẹ̀ léwu ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ nígbà tí ìrànlọ́wọ́ ṣì lè dé. Ó ju 140 ọdún lọ tí aró méjì, igi pupa ilẹ̀ Mẹ́síkò àti òdòdó ilẹ̀ Jámánì, ti ń ṣe ìyàtọ̀ yìí fún aráyé. Kí ó ṣe é fún Pedro pẹ̀lú.